Ata Baba Kò Tíì Dé Ibẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ti òkè òkun dé, ó gbé ike pupa kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní ata àwọn ará Kòríà ni. Ó ní ata gbígbẹ ni wọ́n lọ̀, wọ́n wá pò ó mọ́ ọkà àti ẹ̀wà tí wọ́n ṣe bí ẹni ń ṣe irú, wọ́n gbé e sínú oòrùn títí ó fi kan. Ó fi se adìyẹ fún mi. Mo ti ìka bọ inú ike náà, mo lá a, ni ẹ̀rín bá pa mí débi tí ọmọ náà fi rò pé ata ti há mi lọ́fun. Mo ní, "Ó dùn o, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀." Ó ní, "Màmá, ibo ni?" Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó jẹ́.

Kò pẹ́ tí a gba òmìnira ni mo wọ ilé ọkọ ní Lọ́kọ́jà. Akọ̀wé ìjọba ni bàálé mi. Ìlọrin ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ṣòwò ní Lọ́kọ́jà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ìyàwó Baba ti kú kí n tó dé, ọ̀dọ̀ wa ni òun náà ń gbé. Ọmọ Yàgbà ni èmi, "Okun o" la sì fi ń kí ara wa nílé wa. Bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ tí mo ní, "Okun o, Baba," yóò wò mí láti òkè délẹ̀, yóò ní, "Okùn kẹ̀? Ewúrẹ́ dà tí a fẹ́ so?" Ojoojúmọ́ ayé ni. Kò sú u rí.

Ti oúnjẹ ló wá burú jù. Bí mo bá se ọbẹ̀ ilá, Baba yóò jẹ ẹ́, yóò fi ahọ́n nu ètè, yóò ní, "Ìyàwó, ó dára. Ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀." Mo se ọbẹ̀ ẹja tútù, kò dé ibẹ̀. Mo se ẹ̀wà títí èéfín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú, kò dé ibẹ̀. Ni mo bá bi í lọ́jọ́ kan pé ibo gan-an ni ọbẹ̀ yìí ń lọ, tó ti ń rìn bọ̀ látọjọ́ yìí tí kò dé? Bàálé mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Baba ní tirẹ̀, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀ o. Bí bàálé mi bá ti jáde lọ sí ọ́fíìsì, èmi àti Baba nìkan ló kù nílé. Mi ò tíì bímọ, mi ò sì tíì mọ ẹnì kan nílùú náà. Bí Baba bá sùn jù lọ́sàn-án, mo máa ń la ìkòkò mọ́lẹ̀ gbàgà kó lè jí wá bá mi jà.

Ó ní ata ìyàwó òun tó ti kú nìkan ló dé ibẹ̀. Ó ní ata náà pupa, ó ń fà, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì ń ta lẹ́yìn. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ń dáná ni?" Ohun tó rántí kò ju ata gbígbẹ, irú, ọkà bàbà tó ti hù, iyọ̀, àti oòrùn lọ. Mo gbọ̀nà etí odò Ọya, mo ra ọkà tó ti hù lọ́wọ́ obìnrin kan tó máa ń pọn ọtí. Baba rí mi bí mo ṣe ń gbé e bọ̀, ó ní, "Ha! Ìyàwó, ata la sọ o. Mi ò ní kí o wá sọ mí di ọ̀mùtí."

Mo lọ ọkà náà, mo rò ó bí ẹ̀kọ, mo po ata àti irú mọ́ ọn, mo wọ́n iyọ̀ sí i. Mo rọ ọ́ sínú agolo ńlá kan tí ọmọrí rẹ̀ máa ń wọnú ẹnu rẹ̀ ṣinṣin, mo gbé e sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé kó máa yá oòrùn. Bí mo bá ti yíjú báyìí, Baba ti wà nídìí rẹ̀. Mo ṣí agolo lọ́jọ́ kan, mo rí ojú ihò ìka láàárín ata. Mo kígbe pé, "Ta ló ń jẹ ata mi?"

Baba jókòó sórí àga rẹ̀, ètè rẹ̀ pupa fòò. Ó ní, "Ewúrẹ́ ni."

"Ewúrẹ́ tó ní ìka, Baba?"

"Ewúrẹ́ Lọ́kọ́jà gbọ́n."

Inú bí mi. Nílé wa, bí a bá ṣe irú, a máa ń bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa ni, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án títí yóò fi jinná. Mo mú ọmọ odó, mo gbá ọmọrí agolo náà wọlé. Mo ní kí ewúrẹ́ wá ṣí i.

Àṣé Baba ti lọ ro ẹjọ́ mi. Ó ti sọ fún oníṣòwò obì kan tó ń lọ sí Ìlọrin pé òun ò tíì jẹ oúnjẹ tó dé ibẹ̀ nílé ọmọ òun. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ìlọrin, ó ti di pé Baba ò jẹun rárá. Bí ẹ̀gbọ́n bàálé mi obìnrin ṣe gbéra nìyẹn, tó já lù wá láìròtẹ́lẹ̀. Ọkọ ni òun náà jẹ́ sí mi, mi ò lè pè é lórúkọ, mi ò sì gbọdọ̀ jiyàn. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, kí lo fi bàbá mi ṣe?"

Ikùn Baba ti ṣáájú Baba fúnra rẹ̀ jáde láti inú yàrá. Lójoojúmọ́ ló kúkú máa ń lọ "wo omi" létí odò, ẹja díndín àti àkàrà kósé ló sì ń wò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ ti pinnu. Ó ní Baba ń bá òun lọ sí Ìlọrin láàárọ̀ ọ̀la. Mo wo bàálé mi. Bàálé mi ní, "Ẹ ṣe sùúrù." Sùúrù rẹ̀ nìyẹn! Baba alára ò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Mo wọ yàrá ìdáná, mo la ìkòkò mọ́lẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó yọjú wá pariwo lé mi lórí. Inú mi bàjẹ́ gan-an ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Baba ní òun ò ní fi agolo ata òun sílẹ̀. Ó gbé e sáàárín orúnkún méjèèjì nínú bọ̀lẹ̀kájà, ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú gèlè tuntun lórí. Èmi dúró sẹ́yìn ọkọ̀, mo ń ti ẹrù wọlé. Oòrùn ti mú. Awakọ̀ ṣíná sí ọkọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì, ata tí mo ti há mọ́nú agolo kò sì lè fara dà á mọ́.

Gbòà!

Ọmọrí fò lu òrùlé ọkọ̀. Ata rọ lé gèlè lórí, ó rọ sára ògiri pákó, ó kun irùngbọ̀n bàbá Ebira kan. Ẹnì kan ń ké "Kai! Kai!", ẹnì kan ń pe Jésù, awakọ̀ ní, "Wetin be dis?" Obìnrin Ígálà kan wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ tó ti di pupa. Ó gé e jẹ díẹ̀. Ó jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ó tún gé e jẹ. Ló bá na búrẹ́dì náà sí Baba pé kó bu ata sí i. Bí gbogbo ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá búrẹ́dì nìyẹn, bàbá onírùngbọ̀n ò tiẹ̀ wá búrẹ́dì kankan, irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń lá.

Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn pákó. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin Baba ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Baba, ata Màmá ò dùn tó èyí. Ata Màmá máa ń korò."

Baba ní, "Ṣé mo ní mi ò mọ̀ ni? Pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ tí mo bá ní ó ti dé ibẹ̀, yóò kàn máa gbé oúnjẹ síwájú mi ni, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá máa bá mi jà láàárọ̀?"

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ nu ata kúrò lórí gèlè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Baba. Ẹ ò níbì kan tí ẹ ń lọ."

Mo ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní ata ló kó sí mi lójú. Baba sọ̀ kalẹ̀, agbádá rẹ̀ pupa láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ó rí mi. Ó fa ọwọ́ agbádá rẹ̀ sẹ́nu, ó lá a dáadáa, ó mi orí.

"Ìyàwó, kò tíì dé ibẹ̀."

Mo ní, "Kò burú, Baba. Ẹ̀yin náà ò dé Ìlọrin."

Ó gbé agolo òfìfo lé mi lọ́wọ́, a sì jọ ń jà lọ sílé.