Àdúpẹ́ Tí Mo Fi Ń Dá Nọ́ọ̀sì Lóhùn

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, kí n ro ohun tí ojú mi rí fún yín. Èmi ò mọ̀wé o. Ramọ́tà, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi tirẹ̀ kún un.

Jẹjẹrẹ ló mú mi lọ́mú òsì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fa oògùn sí mi lára nínú dírípù, tí mo ń ti Ọ̀yọ́ lọ, tí mo ń padà bọ̀, títí wọ́n fi ní ó tó. Ọjọ́ tó parí, ẹgbẹ́ aṣáláátù mi kún ilé fọ́fọ́. Wọ́n ṣàdúrà, a jẹ, a mu, wọ́n ní mo kú ewu. Ta ni yóò tún máa ráhùn lẹ́yìn ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ni àárẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kó lọ. Mo lè sùn láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀, kí n jí bí ẹni tó ro oko mọ́jú. Bí mo bá gbálẹ̀ iwájú ilé dé ìdajì, mo ti jókòó ti ìgbálẹ̀. Apá òsì wú, ó wúwo. Irú ni mò ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán. Irú wíwé sínú ewé, ìka ló mọ̀ ọ́n, ìka mi sì ti kú, bíi pé kì í ṣe tèmi. Irú tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, òórùn rẹ̀ wá ń mú èébì gbé mi!

Mo gbà pé àrùn náà ti padà ni. Ẹ̀rù yẹn ni mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbọ́, ṣé wọn ò ní dá mi padà sídìí dírípù?

Bí mo bá lọ fún àyẹ̀wò ní Ògbómọ̀ṣọ́, nọ́ọ̀sì kan wà tó mọ̀wà hù, á kúnlẹ̀ kí mi, á bi mí bí ara ṣe rí. Kí ni wọ́n kọ́ wa nílé? Ẹni tó bá ń ka àìsàn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí kò moore Ọlọ́run ló rí. Màá ní àdúpẹ́, ara le. Òun náà á kọ ọ́ sínú ìwé pé ara mi le, á ní ó dìgbà mìíràn.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, a kírun Aásárì lẹ́yìn aṣáláátù. Mo forí kanlẹ̀. Ilẹ̀ tutù, ó tù mí lára. Èmi bá sùn lọ. Wọ́n dìde, wọ́n tún forí kanlẹ̀, wọ́n sálámà tán, èmi ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé mo ti kú ni. Ẹnìkan ti ń sọ pé ikú tó dára nìyẹn, alùjánnà tààrà. Ohùn rẹ̀ ló jí mi. Mo gbórí sókè, mo bi wọ́n pé ta ló kú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Sàúdátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ mi ni, ìsọ̀ irú wa fara kanra. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá Lámídì, láti ọjọ́ wo lo ti ń kú báyìí, tí o ò sọ fún mi?"

Mo sọ fún un. Mo sunkún díẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ àyẹ̀wò, àwa méjèèjì la jọ ń lọ.

A dé ọ̀hún, nọ́ọ̀sì bi mí bó ṣe máa ń bi mí. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́: àdúpẹ́, ara le. Ó ti gbé bírò.

"Má kọ ọ́, ọmọ mi," ni Ìyá Sàúdátù wí. "Irọ́ ló ń pa fún ẹ. Orí ìrun ló sùn sí."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n bírò náà dúró. Nọ́ọ̀sì fa àga súnmọ́ mi, ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ti àárẹ̀, ti ìka, ti apá, ti irú. Mo wá sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ó ti padà ni?"

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ àyà mi wò, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ni dókítà sọ fún wa pé àwọn ò rí i pé ó padà. Ẹ̀jẹ̀ mi ló lọ sílẹ̀, wọ́n sì fún mi lóògùn. Àárẹ̀ tó kù àti ìka tó kú, ó ní ìtọ́jú ló fi wọ́n sílẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó lọ, pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí n má fi apá òsì gbé ẹrù mọ́. Kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí n sì sinmi kó tó rẹ̀ mí tán. Ààfáà wa ní kí n máa jókòó kírun, ẹ̀sìn gbà bẹ́ẹ̀.

Ó ṣì ń rẹ̀ mí o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ méjì péré ni mò ń lọ sọ́jà lọ́sẹ̀. Ìyá Sàúdátù ló ń bá mi wé irú, ó ní òun ti di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹni tó ń tọ́jú yín, ẹ sọ ibi tó ń dùn yín gan-an fún un. Ọlọ́run ò ní ka ìyẹn sí àìmoore.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba irú ìtọ́jú yìí, kí ló ṣe yín lẹ́yìn rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ ọ́ síbí, Ramọ́tà á kà á fún mi. Bí mi ò bá tètè fèsì, ẹ má bínú. Mo ti lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ nìyẹn.