Ibi Tí Màmá Mi Fẹ́ Yáná Sí

Lọ́jọ́ tí òtútù kọ́kọ́ mú gan-an lẹ́yìn tí màmá mi dé ọ̀dọ̀ wa ní League City nílùú òyìnbó, wọ́n ká ara wọn jọ sórí àga, wọ́n ní, "Ẹ bá mi tan iná." Ni ọkọ mi bá dìde kíá, ó tan gílóòbù pálọ̀. Màmá wo òkè, wọ́n wo ọkọ mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn. "Iná tí mo lè yá ni mò ń wí!" Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa o, àmọ́ a ti gbàgbé pé iná ń ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀rín yẹn ò tọ́jọ́. Wọ́n ní tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ń padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ò sì ní wá mọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń tú jáde látòkè àjà ń gbẹ àwọn lọ́fun, kò sì wọ àwọn lára. Inú mi bàjẹ́ gidi. Bàbá mi ti kú, kò sẹ́lòmíràn nínú ilé wọn lọ́hùn-ún, mi ò sì fẹ́ kí ìyá mi máa dá gbé. Bí a ṣe pinnu láti ra ààrò onígáàsì tí èèyàn ń yáná nídìí ẹ̀ sí pálọ̀ nìyẹn.

Ẹnjiníà lọkọ mi, Clear Lake nítòsí wa ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sóhun tí kì í kàwé lé lórí. Nígbà tí àwa méjì àti Màmá dé ṣọ́ọ̀bù, èyí tí kò ní páìpù ló nawọ́ sí. "Èyí efficient gan-an. Gbogbo heat ẹ̀ ló ń stay nínú ilé."

Mo ní, "Èéfín ẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà á stay? Àyà Mummy ńkọ́?"

"Ó ní sensor tó máa pa á tí èéfín bá pọ̀."

"Ṣé sensor ló ń wúkọ́ ni? Èyí tó ní páìpù tó ń gbé èéfín gba inú ògiri jáde síta ni mo fẹ́."

Àwọn èèyàn ti ń wò wá. Obìnrin tó ń tajà rọra béèrè bí pálọ̀ wa ṣe tóbi tó. Kí ọkọ mi tó la ẹnu, Màmá fọwọ́ tọ́ mi: "Bi í, èèyàn mélòó ló lè yá a pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin náà ní ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kì í ṣe òtútù nìkan ló ń lé Màmá lọ. Ọkọ mi a wà nídìí laptop, àwọn ọmọ wa méjèèjì a ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn lókè, èmi a wà níbi iṣẹ́. Màmá nìkan ní pálọ̀ látàárọ̀. Àánú wọn ṣe mí, mo fẹ́ẹ̀ sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù.

A ra èyí tó ní páìpù, tí gíláàsì rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ọkọ mi dúró ti àwọn tó wá lu ògiri bí ẹni pé ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n ń tò.

Nígbà tí òtútù tún dé, Màmá pariwo sókè, "Ẹ wá yáná o!" Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ tàwọn ti fóònù lọ́wọ́. Mo kígbe mọ́ ọ̀kan nínú wọn, "Má fọwọ́ kan gíláàsì yẹn o, it will burn you!"

Èyí obìnrin béèrè, "Grandma, what is yáná?"

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú iná, wọ́n dúró kí ó móoru, wọ́n wá gbé àtẹ́lẹwọ́ náà lé e lẹ́rẹ̀kẹ́. "Òun nìyí." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì wọ́n, kò sì gòkè mọ́ títí oúnjẹ fi délẹ̀.

Mo béèrè pé, "Mummy, ṣé ẹ ṣì ń lọ?"

"Ibo ni mò ń lọ?" Wọn ò yíjú sí mi. "Àmọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ta ni yóò máa pè yín jọ?"

Mo sún mọ́ màmá mi, mo gbórí lé èjìká wọn. "Èmi ni," mo ní. "Èmi ni màá máa pè wọ́n."