Ẹ̀rọ Tó Ń Fa Egbò àti Ẹsẹ̀ Tó Ń Dán

Ohun tí mo kọ́kọ́ kórìíra nínú ẹ̀rọ náà ni igbe rẹ̀. Kò tóbi ju rédíò kékeré lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ké, gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbọ́, tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé tó wà lókè. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló wà fún. Àtọ̀gbẹ ló dá egbò sí wọn lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. Egbò náà jìn débi pé dókítà fi ìka fa ìlà sábẹ́ orúnkún wọn, ó ní bí ẹran tuntun kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù kí a tó padà wá, ibẹ̀ ni wọn yóò ti gé e. Ìyá àgbà tẹjú mọ́ ìlà tí kò sí níbẹ̀ yẹn. Orí ẹsẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi ta aṣọ ní ọjà Jankara láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn.

Ẹ̀rọ yìí nìkan ló kù tí dókítà ní kí a fi gbìyànjú. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ènìyàn. Nọ́ọ̀sì á gé fóòmù dúdú kan ní ìwọ̀n egbò, á tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, á wá fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ní gọ́ọ̀mù lábẹ́ bò ó mọ́ awọ ara yíká. Á dá ihò sórí ọ̀rá náà, á so róbà mọ́ ọn, róbà á wọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á máa fa afẹ́fẹ́ àti omi egbò jáde tọ̀sán tòru. Bí ó bá ń fà dáadáa, fóòmù á súnkì, á le bí àgbálùmọ̀ tó ti gbẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọlé lábẹ́ ọ̀rá, fóòmù á wú padà, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ igbe. Nọ́ọ̀sì ní fóòmù tí ẹ̀rọ kò fà mọ́, ìdọ̀tí lásán ló kù nínú egbò.

Tiwa kì í pẹ́ kó tó ké. Bí nọ́ọ̀sì bá dì í lónìí, tó bá fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, etí ọ̀rá á ti ṣí. A ó tún ránṣẹ́ pè é, yóò wá láti apá Oníkan pẹ̀lú ojú tó ti le. Ìyá àgbà ní, “Ẹ̀rọ yín yìí ń sunkún jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ní egbò.”

Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tó fà á. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tó ń tọ́jú ìyá àgbà, ní iná tí wọ́n ń mú lọ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní tòkunbọ̀ ni wọ́n gbé fún wa. Nọ́ọ̀sì ní ìyá àgbà kì í jókòó jẹ́ẹ́. Mo yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Bátìrì kún nígbà tó ké, nítorí náà kì í ṣe iná. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ fún wa, èkejì náà ké. Ìyá àgbà jókòó sójú kan bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga, síbẹ̀ ọ̀rá ṣí. Mo wá fura sí omi ìwẹ̀. Mo ra ọ̀rá ńlá kan, mo ní kí wọ́n máa fi di ẹsẹ̀ náà títí dé orúnkún kí ìyá àgbà tó wẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ké.

“Àǹtí,” mo ní, “ṣé ẹ ò fi nǹkan kan sí ẹsẹ̀ yẹn?”

“Kí ni mo fẹ́ fi sí i? Àgbo? Ṣé orí mi dàrú ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń bèèrè ni.”

“Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Kóòtù ló yẹ kó o ti máa ṣiṣẹ́.”

Mo gbà wọ́n gbọ́. Àǹtí mi lè pariwo, wọ́n lè búni, ṣùgbọ́n n kò tíì ká irọ́ mọ́ wọn lẹ́nu rí.

Ọjọ́ tí a máa padà sọ́dọ̀ dókítà ti ń sún mọ́lé. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo ní mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ti wá ní ọjọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí mo wọlé kí ìyá àgbà, fóòmù ṣì le, ẹ̀rọ ń rọra kùn. Àǹtí mi mú wọn lọ wẹ̀. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń gbọ́ omi àti àríyànjiyàn lórí kànrìnkàn. Wọ́n padà sí yàrá, àǹtí mi fa aṣọ ìkélé. Kò pẹ́, ẹ̀rọ ké.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wọlé, ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń dán láti orúnkún dé ọmọ ìka, bí bàtà tuntun tí wọ́n pàtẹ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan etí ọ̀rá. Ó yọ̀ lábẹ́ ìka mi bí ẹja àrọ̀. Mo gbóòórùn ọwọ́ mi.

“Àǹtí, òrí nìyí.”

“Òrí ni.”

“Ẹ ní ẹ ò fi nǹkan kan sí i!”

“Mi ò fi nǹkan kan sí i! Mo fi òrí pa ara ìyá mi ni. Ṣé òrí ti di oògùn? Òun la fi pa ìwọ náà tó o fi dàgbà, tó o lọ kàwé, tó o wá ń bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá.”

“Gọ́ọ̀mù ò lè mú ara tó ní òrí.”

“Mi ò fọwọ́ kan ọ̀rá yín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo pa.”

“Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló yẹ kó mú!”

N kì í pariwo. Lọ́jọ́ náà, mo pariwo.

“Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì,” ni ìyá àgbà wí. “Ọkọ mi, Jímọ́ọ̀ nìyí. Bí wọ́n bá kírun tán, àwọn ará Jankara á wá kí mi. Ṣé ẹsẹ̀ bíi ti ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì ni kí wọ́n bá lára mi?”

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n n kò lè fi òótọ́ inú sọ ọ́. Ẹni tó wá kí aláìsàn kì í rí egbò tí wọ́n dì. Awọ ara ló ń rí. Bí awọ bá funfun, ohun tí yóò sọ fún ẹlòmíràn lójú ọ̀nà ni pé àwọn ọmọ ti pa ìyá wọn tì. Àǹtí mi fi òwò wọn sílẹ̀ nítorí ìtọ́jú yìí, òrí yẹn sì ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí àlejò lè fojú rí. Ó yé mi. Ó sì tún ń bí mi nínú, torí a fẹ́ pàdánù ẹsẹ̀ kan nítorí kó lè máa dán.

“Ìyá àgbà, ẹ rántí ibi tí dókítà fi ìka fà?”

Wọ́n gbé ọwọ́ lé abẹ́ orúnkún wọn, ojú ibẹ̀ gẹ́lẹ́.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí níkẹyìn. “Ẹ fi ti ọ̀tún sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òrí tirẹ̀, ẹ fi kún ti òsì.”

A ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì, ó pòṣé nígbà tó gbọ́. Omi iyọ̀ ló ti fi ń nu ẹ̀gbẹ́ egbò láti ọjọ́ yìí wá, omi iyọ̀ kì í sì í mú òrí kúrò lára. Ó fi ọṣẹ fọ awọ yíká egbò, ó nù ún gbẹ, ó di egbò padà. Fóòmù súnkì.

Àwọn ará Jankara dé lóòótọ́. Màmá kan nínú wọn wo ẹsẹ̀ òsì, ó wo ti ọ̀tún tó funfun bí ẹni tó rin inú eérú kọjá.

“Alájà, ṣé oorun gbé ẹni tó ń pa yín lára lọ láàárín ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi wò mí bí ẹni pé mo jí wọn lówó.

“Ẹ bi ọkọ mi,” ni ìyá àgbà wí. “Ó ní òrí ń bá ẹ̀rọ jà.”

“Àwọn ọmọ ìwé! Òrí tí gbogbo wa fi dàgbà?” Màmá náà ti ṣí báàgì rẹ̀, ó ti mú ike òrí kékeré kan jáde. Ta ló ń gbé òrí kiri Èkó? Ó jọ pé gbogbo wọn ni. Mo gbé àga síwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Ẹ̀rọ kò dákẹ́ pátápátá. Ó ń ké bí róbà bá ká, ó ń ké bí ike tó ń gba omi egbò bá kún. Ṣùgbọ́n igbe ẹ̀yìn ìwẹ̀ yẹn dópin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àǹtí mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ju “káàárọ̀” lọ.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ṣí ọ̀rá, ó yọ fóòmù, ó sún mọ́ egbò dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti pupa, ẹran tuntun ti ń yọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀.

“Màmá, ó ń hù. A ò sọ̀rọ̀ gígé mọ́ báyìí. Ẹ ṣì máa lo ẹ̀rọ lọ.”

Mo gbọ́ “báyìí” tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo pa á mọ́ra. Ìyá àgbà ní, “Alihamudulilahi,” wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé, “Dókítà, ìgbà wo la lè fi òrí pa á?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ṣì ń gé fóòmù tuntun lọ́wọ́, ẹsẹ̀ náà wà níta, funfun, láìsí ọ̀rá lórí rẹ̀, ọwọ́ àǹtí mi sì ti wà nínú báàgì wọn. Mo na ọwọ́ mi sí wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n pòṣé, wọ́n gbé ike òrí náà lé mi lọ́wọ́.