Ohùn Olùkọ́ Nínú Fóònù Aránṣọ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ààlọ́ tèmi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí ìjàpá, kò bà lórí ọ̀bọ. Orí aránṣọ kan tó gbé téèpù ìwọ̀n kọ́rùn ló bà lé.

Aránṣọ yìí, ẹnikẹ́ni ò rí inú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ rí. Inú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì ló ń tì í mọ́. Ta ló sanra, ta ló rù, òun nìkan ló mọ̀. Nígbà tí oníbàárà wá pọ̀, ó gba fóònù iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù kan: nọ́ńbà kan, fóònù méjì. Òun mú ọ̀kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ránṣọ mú èkejì. Ajádìí-Agbọ̀n ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí ọ̀rọ̀ kì í dúró nínú ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ pè é.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi tú ìbàdí aṣọ mi o. Oyún oṣù mẹ́ta ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bà jẹ́ lára mi, ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì dé etí ẹnikẹ́ni."

"Inú mi ló wọ̀ yẹn, kò ní jáde."

Kò pẹ́, ọwọ́ aránṣọ ṣèèṣì tẹ fóònù. Àfi ohùn olùkọ́, ó tún ń sọ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀! Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Ṣé ilé iṣẹ́ fóònù ń gba ọ̀rọ̀ èèyàn sílẹ̀ ni? Ohun tó bá sì wà nínú fóònù kan, ó wà nínú èkejì. Ajádìí-Agbọ̀n rìnrìn àjò, fóònù tiẹ̀ wà nílé. Ọ̀la ló ń bọ̀. Aránṣọ tẹ ibi gbogbo, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́.

Ó sáré dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ fóònù náà. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn gíláàsì.

"Ẹ bá mi pa ohùn kan rẹ́."

"Ìyá, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ọjọ́ ìbí yín ńkọ́?"

Ó sọ ọ́.

"Kì í ṣe yín."

"Kì í ṣe mi báwo? Ta ló wá gbé ẹsẹ̀ mi wá síbí?"

Ó sọ ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Rárá mà. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré, kọ̀ǹpútà á tì."

Orí aránṣọ dàrú bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù, ó ní kí àjèjì má mọ òun, ló bá pa irọ́ kan. Irọ́ wo? Ó fọwọ́ pa téèpù ọrùn rẹ̀ títí. Háà! Ọjọ́ tó ra maṣíìnì ni! Ó sọ ọ́ fún obìnrin náà.

"Ẹ̀yin nìyí! Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún."

"Tòun ti ewú orí mi yìí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ nǹkan. "Ó ti kúrò nínú fóònù méjèèjì. Àmọ́ á ṣì wà nínú àká wa fún ọgbọ̀n ọjọ́."

"Ẹ ti pa á, ó ṣì wà láàyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ta ló ń gbọ́ ọ níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kí lẹ wá ń tọ́jú ẹ̀ fún?"

"Òfin ilé iṣẹ́ ni."

Aránṣọ wo gíláàsì, ó wo fóònù. Kò mọ èyí tí ì bá bá jà.

Ó gba ilé olùkọ́ lọ tààrà, ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Olùkọ́ fìka ka ọjọ́.

"Ọgbọ̀n ọjọ́? Nígbà yẹn, ikùn á ti sọ tẹnu ẹ̀. Ṣùgbọ́n àǹtí, ọ̀rọ̀ mi tó bá tún kù, ẹsẹ̀ ni màá fi gbé e wá."

Ẹ má bi mí níbi tí àká yẹn wà, ẹ̀yin ọmọ. Èmi náà ò mọ̀. Ẹ gbọn ẹsẹ̀ yín, ẹ bọ́ sórí ẹní. Ìwọ tó ń yán yẹn, mo rí ọ.