Ímeèlì Tí Ó Wọ Aṣọ Oyè

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá sọ fún mi pé oyè ọ̀gá kan ń ba fáìlì jẹ́, n ó ní kí ó lọ fi omi tútù bọ́jú. Ṣùgbọ́n ó ṣojú mi kòró, ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àbújá, nígbà tí ímeèlì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, tí a ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un bí àna.

Obìnrin ni ọ̀gá wa nígbà náà, Madam ni gbogbo wa ń pè é. Bí o bá kí i ní "Ẹ káàárọ̀ mà" lásán, o ti ṣẹ̀. Ó fẹ́ kí o fi oyè kún un. Nígbà tí ímeèlì dé, ó pàṣẹ pé kò sí èyí tí yóò jáde láìní àmì òun nísàlẹ̀: àwòrán aláwọ̀ ewé kan, tí wọ́n kọ orúkọ àti gbogbo ipò rẹ̀ sí, tí ẹyẹ idì ìjọba na ìyẹ́ lé lórí. Ó tún ní gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá kọ, kí ó fi kọ́pì ránṣẹ́ sí òun. Kódà, bí o bá ń tọrọ bébà lọ́wọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ ilé, idì ni yóò bá ọ tọrọ rẹ̀.

Ọkùnrin Èkìtì kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, irú ẹni tí í dìde dúró bí Madam bá pè é lórí fóònù. Lọ́dún yẹn wọ́n yàn án fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Accra. Kò tíì sí ìgbà kan tí wọ́n yàn án fún ohunkóhun rí, àfi kí ó gbé àga sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Ohun kan ló kù: àwọn ará Accra fẹ́ rí ìròyìn iṣẹ́ tí ó kọ kí wọ́n tó gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ra àpótí búlúù onítáyà ní ọjà Wúsè. Abẹ́ tábìlì ọ́fíìsì ló gbé e sí, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, ní Galadimawa, ti fẹ́ sọ ọ́ di mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "wọn ò tíì gbà yín, ẹ ti ra àpótí."

"Àbúrò, ìwọ ṣáà máa jowú."

Ó fi ìròyìn náà ránṣẹ́. Accra dáhùn pé àwọn kò rí ìròyìn kankan. Nǹkan àjèjì kan ni àwọn rí, kọ̀ǹpútà àwọn kò sì lè ṣí i. Ó tún fi ránṣẹ́. Èsì kan náà. Ó yí orúkọ fáìlì padà, ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó gbàdúrà lé e lórí. Èsì kan náà.

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Madam lọ. Madam ṣí kọ́pì tirẹ̀ lójú gbogbo wa, ìròyìn náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ síwájú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é.

"Kí lèyí? Àbí ojú mi ló ń ṣe mí?"

"Rárá o, mà. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣí i ni, mà."

"Èmi ṣí i, wọn ò lè ṣí i. Ta ló wá gọ̀ nínú èmi àti wọn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Madam já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Bí a bá fi ìwọ fúnra rẹ ránṣẹ́ sí Accra, ṣé o ò ní dé bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò lè tú?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń kọjá á fi ẹsẹ̀ kan àpótí búlúù: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé eléyìí ṣeé ṣí?" Ará Òkè Ọya tó ń ṣọ́ géètì pàápàá ti gbọ́. Bí ọkùnrin yìí bá ti yọ, á kí i ní Hausa: "Kai! Accra! Sànnu!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo sì lọ sí káfé íńtánẹ́ẹ̀tì kan nítòsí ọjà. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tèmi, èyí tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Nǹkan àjèjì náà ló dé bá mi. Ó yé mi díẹ̀: irú ètò ímeèlì kan náà ni gbogbo wa ń lò ní ọ́fíìsì, ìdí nìyẹn tí Madam fi rí i, ẹni tó wà lóde kò lè rí i. Mo pè é lórí fóònù pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ lásán, kí ó so fáìlì mọ́ ọn, láìsí àwọ̀, láìsí àwòrán.

"Ẹ yọ idì náà."

"Idì Madam?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ní idì ni?"

Ó yọ ọ́. Ìròyìn dé, ó mọ́ roro. Mo ní kí ó dá idì padà, ó bàjẹ́. Kí ó yọ ọ́, ó dé. Àṣé kí àwòrán yẹn lè jókòó síbẹ̀, ńṣe ni ètò náà ń di lẹ́tà àti fáìlì pọ̀ sínú ẹrù kan, tí ètò irú rẹ̀ nìkan ló lè tú.

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí Accra báyìí, ní ìhòòhò bó ṣe wà yẹn!"

Nígbà tí mo padà dé, Accra ti dáhùn: ó ti dé, wọ́n sì ti gbà á. Ọkùnrin náà di ọwọ́ àpótí mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mi ò sì gbàgbé o," ló ní, bí ẹni tí kì í ṣẹ̀ sófin. "Mo fi kọ́pì ránṣẹ́ sí Madam."

Mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà: kò sí idì níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kúèrì ti ṣáájú rẹ̀ dé orí tábìlì: kí ó sọ ìdí tó fi bọ́ oyè lára ọ̀gá rẹ̀ níwájú àwọn ará òkèèrè. Kò tíì dáhùn tán tí Madam fi yọ sí wa.

"Mo gbọ́ pé Accra gbà ọ́. Wọ́n á gba ẹlòmíràn náà. Sítọ́ọ̀ wa ní Ushafa ń wá ẹni tí yóò ṣọ́ ọ. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ọkàn rẹ á balẹ̀. Máa lọ báyìí."

Kò sí páálí tí yóò kó ẹrù sí. Ó fa àpótí búlúù jáde, ó kó ife tíì rẹ̀, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àti fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ń wọ́ ọ lọ lórí simẹ́ńtì. Táyà rẹ̀ ń dún. A dúró lójú fèrèsé, a ń wò ó.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò tíì gbọ́. Ó rí àpótí, inú rẹ̀ dùn, ó ṣí géètì gbayawu.

"Kai! Accra! Sànnu!"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè sí i. "Yauwa," ló fi jẹ́ kíkí náà, ó sì fa àpótí rẹ̀ jáde.