Ọdún tí Mo Fi Òrí Pa Bíréèkì

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ tí mo fi mọ́tò gbé ìyá mi lọ sí yídì ní Tamale.

Ṣáájú ọdún náà, Músá, fítà tó ń tún mọ́tò mi ṣe ní àdúgbò Kpalsi, fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i. Ó pààrọ̀ bíréèkì iwájú pẹ̀lú, ó ní mọ́tò tó mọ eré sá gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó ní kí n máa nu irin róbótó tí bíréèkì náà ń dì mú ní gbogbo Jímọ̀. Èmi gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọyẹ́ ń mú, gbogbo nǹkan ń gbẹ. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo tú táyà iwájú, mo fi òrí ìpara mi pa irin náà títí ó fi ń dán.

Nígbà tí a sún mọ́ yídì, èrò kún ojú ọ̀nà. Mo tẹ bíréèkì, mọ́tò ń lọ. Mo tún un tẹ̀, ó ń lọ.

Ìyá mi ní, “Súlè, ṣé o ò rí àwọn èèyàn ni?”

Mo já jíà wálẹ̀, mo fa bíréèkì ọwọ́, mọ́tò sì dúró lẹ́yìn bàbá arúgbó kan tó gbé ẹní ìkírun léjìká.

Lẹ́yìn ìrun, mo pe Músá tí òun náà wá kírun ní yídì. Ó fi ìka kan irin náà, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ta ló fi òrí pa á?”

Ìyá mi wo ojú mi tó ń dán. “Músá, má wulẹ̀ béèrè.”

Músá pààrọ̀ páàdì tó ń di irin náà mú lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, bíréèkì mi kò kọ̀ mọ́. Ara mi nìkan ni mo ń fi òrí pa.