Ìpín Táíyé Nínú Ọbẹ̀ Olú

Ní Òkòta, àwọn tó ń ra olú lọ́wọ́ Kẹ́hìndé ìyá Sẹ̀kínátù mọ̀ pé wọn kò lè rí i rà ní ọjọ́ tó bá ká a. Yóò kọ́kọ́ mú ẹyọ kan, yóò gé orí rẹ̀ kúrò, yóò dojú rẹ̀ dé orí bébà funfun, yóò sì fi abọ́ bò ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn kan ní oògùn ló ń ṣe. Oògùn kọ́. Ohun tó fà á nìyí, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ìbejì sì ni wọ́n. Táíyé tó kọ́kọ́ jáde ni àbúrò, òun tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún tí owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ni ibà dá Táíyé dùbúlẹ̀ nílé. Kẹ́hìndé wà ní Èkó nígbà náà, ó ń ru iyanrìn níbi tí Rájí ọkọ rẹ̀ ti ń bá wọn kọ́lé. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé àbúrò rẹ̀ ń béèrè rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tó fi máa dé Ìṣẹ́yìn, ó ti di ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Táíyé.

Ìyá wọn sọ fún un pé, "Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní Kẹ́hìndé nìkan lòun máa sọ ọ́ fún."

Láti ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ tí Kẹ́hìndé sè tí kò pín sí àwo méjì. Yóò jẹ tirẹ̀ tán, yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá jẹ ti Táíyé, nítorí pé nínú ilé tiwọn, wọn kì í da ìpín ìbejì tó ti lọ nù. Èyí tó kù láyé ló ń bá a jẹ ẹ́.

Ìyá wọn yìí kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì ní olú kíká. Ó máa ń wí pé, "Ẹ má wo olú, ilé rẹ̀ ni kí ẹ wò. Èyí tó bá hù lórí òkìtì ikán, ẹ ká a. Èyí tó bá hù níbòmíràn, ẹ fi í sílẹ̀." Ẹ̀kọ́ náà tọ̀nà ní Ìṣẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní Ìsọlọ̀ tí Kẹ́hìndé ń gbé ní Èkó, katakata ti wó igbó tó wà lẹ́yìn àdúgbò Ire-Akari lulẹ̀ nítorí ilé tuntun, ó sì ti tẹ́ àwọn òkìtì ikán pẹrẹsẹ. Àwọn màlúù tí ọkọ̀ ojú irin já sí Òṣòdì ń jẹko níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀, ìgbẹ́ wọn sì bo amọ̀ ikán mọ́lẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, olú hù. Kẹ́hìndé mọ̀ pé ibi òkìtì ni, kò wo olú, ó ká a.

Ó sè é pẹ̀lú epo àti ata. Rájí kò sí nílé. Ó fi síbí kan ta Ìsíátù, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, lọ́rẹ. Ó jẹ tirẹ̀ tán. Ó dákẹ́. Ó jẹ ti Táíyé.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ẹfun ara rẹ̀ ń fì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ó gbọ́ òjò tí kò rọ̀. Nígbà tó máa yíjú, Táíyé ti jókòó ti àwo kejì, pẹ̀lú gèlè aró tí àwọn méjèèjì jọ rà. Ó wo Kẹ́hìndé. Ó la ẹnu, ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Kẹ́hìndé rákò sún mọ́ ọn. Kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó bì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìsíátù pàdé rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá Sẹ̀kí, kí lẹ fi sínú ọbẹ̀ yẹn gan-an? Mo rẹ́rìn-ín débi pé baálé mi ní òun máa dá mi padà sílé bàbá mi. Adìyẹ ló ń kọjá lọ, mo ní kí ó má fojú burúkú wò mí!"

"Mo rí Táíyé."

Ẹ̀rín kú mọ́ Ìsíátù lẹ́nu.

Kẹ́hìndé ní, "Mo máa tún un sè. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Bí mo bá jẹ ìlọ́po méjì, ó máa sọ ọ́."

Tíṣà Olúbọ̀wálé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ni nípa ewéko àti ẹranko ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ń rin pákò lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ nínú ilé kan náà, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ó yọ pákò lẹ́nu.

"Ìyá Sẹ̀kí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí tó kù wá."

Tíṣà tẹ igi olú kan láàárín ìka méjì. Láìpẹ́, ibẹ̀ di àwọ̀ aró.

"Ọwọ́ yín ló ní aró, Tíṣà."

"Ọwọ́ mi mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ gèlè Táíyé ló yọ lábẹ́ ìka rẹ̀.

Tíṣà ní, "Àmì olú tó ń da orí rú nìyẹn, ṣùgbọ́n àmì kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ lọ sí ọ̀nà Èjìgbò, níbi tí òkìtì ikán ṣì dúró. Ẹ fa ọ̀kan tu níbẹ̀ tòun ti gbòǹgbò rẹ̀. Lábẹ́ orí olú ni ìyẹ̀fun rẹ̀ wà. Èyí ló fi ń bímọ, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í yí padà. Ẹ má sè é títí di ọ̀la. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Ó ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó ti fọ ìkòkò sílẹ̀.

Nígbà tó mú olú Èjìgbò dé, wọ́n gé orí rẹ̀ àti ti àkọ́kọ́, wọ́n dojú wọn dé orí bébà, wọ́n sì fi abọ́ bò wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣí abọ́ méjèèjì. Olú Èjìgbò fi ìyẹ̀fun tó funfun, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, sílẹ̀ sórí bébà. Tèkejì dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ.

Tíṣà ní, "Ẹ rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Olú ìgbẹ́ màlúù ni, ibi tí òkìtì wà tẹ́lẹ̀ ló kàn hù sí. Ọpọlọ ló ń dà rú. Ìsíátù jẹ síbí kan, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin jẹ àwo méjì."

"Nítorí ìpín Táíyé."

"Nítorí ìpín Táíyé."

Kẹ́hìndé kò gbé ojú kúrò lára bébà náà. "Kí ló dé tí kò fi adìyẹ hàn èmi náà?"

Tíṣà ní, "Ohun tó wà nínú yín ló gbé jáde. Ojú Táíyé wà nínú yín, gèlè rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò sí níbẹ̀, ẹ kò gbọ́ ọ rí. Ìdí nìyẹn tí ohùn kò fi jáde. Bí ẹ bá jẹ odindi ìkòkò, kò ní jáde. Ẹ̀mí yín ló lè bá a lọ."

Kẹ́hìndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Nígbà tó dìde, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì ri gbogbo olú tó kù mọ́lẹ̀.

Tíṣà tún kìlọ̀ fún un pé bébà nìkan kò tó, nítorí pé olú olóró kan wà tí ìyẹ̀fun tirẹ̀ náà funfun: òkìtì tó dúró, gbòǹgbò tó wọlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ikán, àti ìyẹ̀fun, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé. Ó na ọwọ́ láti run bébà dúdú náà. Kẹ́hìndé já a gbà, ó sì ká a sínú gèlè aró tirẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó se ẹ̀wà, ó pín in sí àwo méjì. Ó jẹ tirẹ̀. Ó dákẹ́, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó jẹ ti Táíyé, kò sì gbé ojú sókè títí àwo fi mọ́. Nígbà tó wòkè, ògiri ni ó rí.

Títí di òní, bí ìyẹ̀fun bá dúdú, kì í ta olú náà; ó máa ń rì í mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ gbé bébà náà sí ìmọ́lẹ̀, yóò wo àmì róbótó tó wà lórí rẹ̀, tí ó rí bí ẹnu tó là sílẹ̀. Yóò sì tẹ́ etí sí i díẹ̀, kí ó tó ká a.